Ṣé ògùn tó ń pa wíwú oríkèé ò ní pa ọmọ ogun ara màmá mi?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìjẹ̀bú-Igbó ni màmá mi wà, ẹni ọdún 61 ni wọ́n. Ó ti pẹ́ tí oríkèé ọwọ́ àti orúnkún wọn ti ń wú, tó bá di àárọ̀ wọn ò ní lè di ọwọ́, láti ro ẹ̀bà gan wàhálà ni. Ní ọsibítù wọ́n ní rheumatoid arthritis ni, wọ́n fún wọn ní prednisolone àti methotrexate tí wọ́n ní kí wọ́n máa lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ká má parọ́, láàárín ọjọ́ díẹ̀ màmá ti ń lọ sọ́jà padà. Ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí, ojú wọn ti rí rọ̀bọ̀tọ̀, wọ́n ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, aládùúgbò wa kan wá ní sítẹ́rọ́ìdì nìyẹn, pé gbogbo ọmọ ogun ara ló máa pa, kí wọ́n dà á nù kíá. Ó tún ní họ́mónù ni. Họ́mónù kẹ̀? Ṣé kì í ṣe ti nǹkan oṣù àti oyún là ń pè bẹ́ẹ̀ ni? Màmá ti ní tó bá di ọjọ́ Ajé àwọn ò lò ó mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ògùn yìí ń ṣe nínú ara gan-an?"

Àbúrò mi, ẹ kọ́kọ́ pe màmá lórí fóònù kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ ní kí wọ́n má dá prednisolone yẹn dúró lọ́jọ́ Ajé o. Ẹni tó ti lò ó fún oṣù mẹ́ta kì í já a sílẹ̀ lójijì, màá débẹ̀ tó bá yá. Apòògùn ni mí, Ṣàgámù níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, irú ìbéèrè yìí kì í sì í wọ́n lọ́dọ̀ mi, torí náà mo mọ bí ẹ̀rù ṣe ń bà yín. Èèyàn rí i pé ara tu ìyá òun, inú ẹ̀ dùn, ẹnìkan wá yọjú láti ẹ̀gbẹ́ kan ó ní ikú lẹ ń gbé fún wọn jẹ. Ohun tí aládùúgbò yín sọ, òótọ́ wà nínú ẹ̀, ibi tó gbé e gbà ni ò dáa, bẹ́ẹ̀ ibi tó gbé e gbà yẹn gan ló lè ṣe màmá ní jàǹbá ju ògùn náà lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ họ́mónù. Ohunkóhun tí ibì kan nínú ara bá ṣe, tó dà á sínú ẹ̀jẹ̀, tó wá lọ ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn, họ́mónù ni. Insulin tí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ń gún, họ́mónù ni. Àwọn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì nínú wọn, mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n, ọ̀rá cholesterol ni ara fi ń ṣe gbogbo wọn pátá. Estrogen àti progesterone tí ẹ mọ̀ mọ́ nǹkan oṣù àti oyún wà nínú ẹbí yẹn, testosterone ti ọkùnrin náà wà níbẹ̀, cortisol wà níbẹ̀, cortisol yìí sì ni prednisolone màmá fi jọ. Àwọn nǹkan kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín wa, adrenal lorúkọ wọn, ló ń ṣe cortisol lójoojúmọ́ ayé, lára ọkùnrin lára obìnrin, èèyàn ò sì lè pẹ́ láyé tí kò bá ní in rárá. Èyí tí àwọn tó ń gbé irin máa ń gún kí apá wọn lè tóbi, ti ẹ̀gbẹ́ testosterone nìyẹn, iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti màmá. Orúkọ ìdílé tí wọ́n jọ ń jẹ́ yìí ló ń da gbogbo èèyàn láàmú.

Ó ku oríkèé tó wú. Wíwú yẹn, gbígbóná ẹ̀, ríro ẹ̀, ọmọ ogun ara ló ń ṣe é. Nínú ẹran ara wa àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní macrophage, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣọ́. Tí ọ̀kan bá kan kòkòrò kò ní dá a jà, á figbe ta, kẹ́míkà ni igbe yẹn. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan bá pariwo olè lóru ládùúgbò, onílé á yọ, ayálégbé á yọ, tòun ti kùmọ̀, tí wọn ò bá sì ṣọ́ra nínú òkùnkùn wọ́n lè lu onílé mọ́ ọn. Àwọn igbe tó lágbára jù ni TNF, interleukin-1 àti interleukin-6. TNF á jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀ kó sì máa jò, omi á ya wọ inú oríkèé, òun lẹ rí tó wú yẹn. Interleukin-1 àti 6 á dé ọpọlọ, ara á gbóná, oúnjẹ ò ní wù èèyàn jẹ, gbogbo ara á wúwo. Interleukin-6 tún máa sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó ṣe nǹkan kan tó ń jẹ́ CRP, ìyẹn ni dókítà ń wá tí wọ́n bá ní kí màmá lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀. Prostaglandin náà wà níbẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí ibẹ̀ máa ro èèyàn. Tó bá jẹ́ ẹ̀gún ló gún yín lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan igbe á rọlẹ̀, ó tán. Ti rheumatoid ni pé kò sólè kankan, ara ṣì í mọ̀ ni, oríkèé tara ẹ̀ ló ń pariwo lé lórí, tọ̀sán tòru, tó bá sì pẹ́ TNF yẹn á máa ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ eegun láti máa jẹ ẹ̀bá oríkèé, ìka á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí màmá máa fara dà á láìlo nǹkan kan, eegun tó bá ti jẹ kì í padà.

Kí sẹ́ẹ̀lì tó lè ṣe TNF, ó gbọ́dọ̀ ka jíìnì TNF, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tó wà láàárín gbùngbùn ẹ̀, ibi tí DNA wà. Ẹni tó ń lọ tan jíìnì yẹn ni NF-kappa B. Tí ara bá balẹ̀, ẹ̀yìn òde DNA ni NF-kappa B ń gbé, nǹkan kan tó ń jẹ́ I-kappa B ló dì í mú kó má lè rìn. Tí sẹ́ẹ̀lì bá wá fura sí kòkòrò, I-kappa B á fọ́ dànù, NF-kappa B á sáré wọlé, jíìnì á tàn, kò ní pẹ́ rárá kẹ́míkà á ti máa tú jáde. Cortisol àti prednisolone, torí pé ọ̀rá ni ìran wọn, ara sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń gbà kọjá wọ inú. Níbẹ̀ ni nǹkan tí wọ́n ń so mọ́ ti ń dúró dè wọ́n, tí wọ́n bá ti so pọ̀ tán àwọn méjèèjì á jọ wọ ibi tí DNA wà. Wọ́n á lọ dí NF-kappa B àti ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń jẹ́ AP-1 lọ́wọ́, jíìnì TNF, ti interleukin-1, ti interleukin-6, àti ti COX-2 tó ń ṣe prostaglandin ò ní tàn dáadáa mọ́. Bí wọ́n ṣe ń pa tibí ni wọ́n ń tan tibòmíràn, wọ́n á ní kí sẹ́ẹ̀lì ṣe I-kappa B sí i, wọ́n á ní kó ṣe annexin A1 tó máa ń ká ẹ̀nsáìmù tó ń yọ ọ̀rá fún iṣẹ́ prostaglandin lọ́wọ́ kò, wọ́n á tún ní kó ṣe àwọn kan tó máa ń ba iṣẹ́ tí jíìnì ti rán jáde jẹ́ kó tó di kẹ́míkà rárá. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Òótọ́ ni pé díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ń kú, àwọn ọmọ ogun tó ń jẹ́ eosinophil àti díẹ̀ nínú àwọn tó ń jẹ́ lymphocyte, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù wà láàyè, ẹnu wọn ló pa mọ́. Ibí yìí ni aládùúgbò yín ti ṣì í.

Tí èyí bá ti yé èèyàn, ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń rú wa lójú á là. Panadol ń ṣiṣẹ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, sítẹ́rọ́ìdì ní tiẹ̀ máa ń gbà tó wákàtí mélòó kan kí ara tó gbọ́ ọ, kódà tó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ inú iṣan, torí pé jíìnì ló ń lọ bá sọ̀rọ̀, kẹ́míkà tó ti wà nílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tán. Àwọn tó ń gun abẹ́rẹ́ kejì ní kẹ́mísì torí pé ti àkọ́kọ́ ò tíì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ara wọn ni wọ́n ń kó sí wàhálà. Obìnrin kan gbé ìwé lábù wá bá mi nígbà kan, ó tẹ ìka mọ́ ibi tí wọ́n kọ WBC sí, ìyẹn iye ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n fi H ńlá síwájú ẹ̀ pé ó pọ̀ jù, neutrophil tó jẹ́ irú ọmọ ogun kan ti lọ sókè, lymphocyte ti wálẹ̀, ìka ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní àrùn ti wọ ẹ̀jẹ̀ òun nìyí. Prednisolone ló ń lò. Àwọn neutrophil tó lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ni sítẹ́rọ́ìdì tú sílẹ̀, òmíràn tún jáde látinú mùdùnmúdùn eegun, gbogbo wọn wá kún inú ẹ̀jẹ̀, wọn ò sì lè jáde lọ síbi tí ogun wà. Lymphocyte ní tiwọn sá kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Torí náà, tí wọ́n bá ń gba ẹ̀jẹ̀ màmá, ẹ máa sọ fún wọn ní lábù àti fún dókítà pé sítẹ́rọ́ìdì wà lára wọn, kí wọ́n má baà fún wọn ní antibiotic lórí ohun tí kì í ṣe àìsàn.

Ẹ bi mí nípa oyún, ìbéèrè yẹn sì dáa ju bí ẹ ṣe rò lọ. Dókítà kan wà ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, Philip Hench lorúkọ ẹ̀, ó ṣàkíyèsí pé àwọn obìnrin tí rheumatoid ń bá jà, tí wọ́n bá ti lóyún oríkèé wọn á rọlẹ̀, tí wọ́n bá bímọ tán ó tún dé. Ó ní nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà tí ara ń ṣe nígbà yẹn. Lọ́dún 1948 wọ́n gún obìnrin kan, ọmọ ọdún 29, tí àìsàn yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di ẹni orí bẹ́ẹ̀dì, ní cortisone, ìbátan cortisol, ọ̀kan nínú àwọn tí Edward Kendall ti yọ látinú adrenal, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó dìde ó ń rìn. Lọ́dún 1950 wọ́n fún Hench, Kendall àti Tadeus Reichstein ní ẹ̀bùn Nobel. Inú gbogbo ayé dùn, wọ́n ń fún èèyàn ní òṣùwọ̀n ńlá fún ìgbà pípẹ́, kò pẹ́ ni ojú rọ̀bọ̀tọ̀, ṣúgà, egungun fífọ́ àti ọgbẹ́ inú bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ní ti họ́mónù obìnrin àti ọkùnrin fúnra wọn, wọ́n ń bá ọmọ ogun ara sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà tiwọn ò ṣe tààrà bíi ti cortisol. Progesterone tó pọ̀ nínú oyún máa ń rọ àwọn sẹ́ẹ̀lì lójú kí wọ́n má baà kọjú ìjà sí ọmọ. Testosterone sábà máa ń fà wọ́n sẹ́yìn. Estrogen ló ní ojú méjì, ó lè dín TNF kù nígbà tó bá pọ̀, ó sì tún ń ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe antibody, ohun ìjà ara, síwájú, ó wà lára ìdí tí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó ní lupus, àìsàn mìíràn tí ọmọ ogun ara ti ń bá ara fúnra ẹ̀ jà, fi jẹ́ obìnrin. Torí náà ẹ má lọ ra ògùn họ́mónù obìnrin fún màmá torí pé ẹ ka èyí o, ìyẹn ò wo rheumatoid.

Mo fẹ́ ká dúró pẹ́ díẹ̀ níbi ewu, torí níbẹ̀ ni òótọ́ aládùúgbò yín wà. Ògùn ò mọ igbe tòótọ́ yàtọ̀ sí igbe àṣìṣe. TNF tó ń jẹ oríkèé màmá, òun kan náà ló ń sé kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà lára wọn, tí igbe bá dákẹ́ kòkòrò yẹn lè jí. Èyí tí wọn kì í sábà sọ fún wa ni ti aràn kan tó ń jẹ́ Strongyloides. Inú ilẹ̀ ló wà, àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń gbà wọlé, ó sì lè gbé inú èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe é ní nǹkan kan, sítẹ́rọ́ìdì lè jẹ́ kó wá pọ̀ yamùrá títí dé ẹ̀dọ̀fóró, ó máa ń pa èèyàn. Tí màmá bá ti fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú oko kòkó tàbí oko obì ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó yẹn rí, ẹ sọ fún dókítà, ìgbẹ́ ni wọ́n á yẹ̀ wò, ivermectin sì ń pa á. Nǹkan mìíràn ni pé ibà lè má yọ. Interleukin tó yẹ kó lọ sọ fún ọpọlọ pé kí ara gbóná ti dákẹ́, èèyàn lè ní ìfun tó lu, kí ikùn má ro ó tó bó ṣe yẹ kó ro ó. Tí ẹ bá rí i pé màmá kàn ṣàdédé rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn ń yí, ẹ má sọ pé "ara wọn ò ṣáà gbóná". Lẹ́yìn ìyẹn ni ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, egungun tó ń fúyẹ́, ojú tó ń ṣe bàìbàì, àti ara tó ń kó ọ̀rá jọ sí ojú àti ikùn, èyí tẹ ti ń rí.

Ìgbà Kòrónà lọ́dún 2020 fi ojú méjèèjì ògùn yìí hàn wá kedere. Ìwádìí RECOVERY ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn aláìsàn ní dexamethasone, sítẹ́rọ́ìdì bíi prednisolone, míligíráàmù 6 lóòjọ́, kò ju ọjọ́ 10 lọ. Nínú àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí, ikú dín kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta, nínú àwọn tó ń fa ọ́síjìn lásán ó dín kù ní bí ìdá kan nínú márùn-ún, àwọn tí kò nílò ọ́síjìn rárá kò jèrè kankan. Àwọn tí igbe ara ti fẹ́ pa ló wúlò fún, ẹni tí ara ẹ̀ ṣì ń bá kòkòrò jà bó ṣe yẹ, kí la fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́ sí? Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń rà á ní kẹ́mísì nígbà yẹn, wọ́n ń lò ó láti fi dènà.

Mo ṣèlérí pé màá sọ ìdí tí kì í fi ṣeé já sílẹ̀. Ọpọlọ ló ń ṣọ́ cortisol. Tó bá rí i pé ó kéré nínú ẹ̀jẹ̀, á ránṣẹ́ sí adrenal pé kó ṣe sí i, tó bá rí i pé ó pọ̀, á dákẹ́. Àárọ̀ ló máa ń pọ̀ jù lára, ọ̀gànjọ́ òru ló máa ń kéré jù, òru yẹn gan ni interleukin-6 máa ń ga lára àwọn onírheumatoid, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ màmá fi máa ń gan láàárọ̀, òun náà ló fi yẹ kí wọ́n máa lo prednisolone láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Míligíráàmù 5 prednisolone tó 20 cortisol. Nígbà tí ọpọlọ bá ń rí i lóòjọ́, kò ní ránṣẹ́ sí adrenal mọ́, adrenal á sùn, tó bá ti ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kì í jí lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá wá dà á nù lọ́jọ́ Ajé, adrenal ò ṣe, tábúlẹ́ẹ̀tì ò sí, á máa bì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á já wálẹ̀, ó lè dákú, ó lè kú. Oríkèé náà á tún wú padà, nígbà mìíràn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ká wá sọ̀rọ̀ nǹkan tó ń dùn mí. Sítẹ́rọ́ìdì tí dókítà kọ, tí wọ́n ń ṣọ́, kì í bà mí lẹ́rù tó èyí tí èèyàn ń lò láìmọ̀. Ògùn oríkèé tí wọ́n ń lọ̀ sínú nylon tí kò lórúkọ, ọ̀pọ̀ ibi láyé ni wọ́n ti bá dexamethasone nínú irú ẹ̀. Tí ìyẹ̀fun kan bá pa wíwú oríkèé láàárín ọjọ́ kan sí méjì, tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé gidi, tí ojú wá ń tóbi, ẹ fura. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìpara tó ń bóra, sítẹ́rọ́ìdì clobetasol tàbí betamethasone ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó ń gba awọ ara wọlé. Àwọn ọmọge kan tún ń lo dexamethasone kí wọ́n lè sanra kí aṣọ ó tó bá wọn lára lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ẹ wádìí lọ́wọ́ màmá bóyá wọ́n ń da nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ti ọsibítù, ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bi wọ́n, àwọn ìyá wa kì í fẹ́ ká bá wọn wí.

Kí ló wá kù láti ṣe? Mi ò rí màmá, mi ò mọ iye míligíráàmù tí wọ́n ń lò, torí náà mi ò lè sọ iye tí wọ́n máa yọ nínú ẹ̀, dókítà tó kọ ọ́ ló lè sọ ìyẹn. Èrò tèmi ni pé dókítà wọn ò ṣàṣìṣe. Methotrexate máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, prednisolone ni wọ́n fi ń tì í títí yóò fi dé, kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ kí màmá máa lò títí ayé. Oṣù mẹ́ta ti pé báyìí, àsìkò gan-an nìyí láti padà lọ bi wọ́n pé ṣé a lè bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù díẹ̀díẹ̀. Tí ọ̀nà Ṣàgámù ò bá jìn jù fún yín, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ wà níbẹ̀, ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè jẹ́ kí ẹ rí dókítà tó mọ̀ nípa oríkèé. Kí màmá má fi diclofenac tàbí ibuprofen kún un láìbéèrè, tòun ti prednisolone wọ́n lè dá ọgbẹ́ sí ikùn. Ẹ rí i dájú pé methotrexate ò kúrò ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ yan ọjọ́ kan ẹ kọ ọ́ sára páálí ẹ̀, torí ẹni tó bá ń gbé e jẹ lójoojúmọ́ lè kú, kí ẹ sì bèèrè folic acid tí wọ́n máa ń fi tì í. Ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì ṣúgà, ẹ wọn ìfúnpá, ẹ kó gbogbo páálí àti nylon ògùn tó wà nílé dání lọ. Tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá mú wọn lásìkò yìí, tí tábúlẹ́ẹ̀tì ò dúró nínú, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ọsibítù ni kí ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì tí ẹ bá kọ́kọ́ rí pé wọ́n ti lo prednisolone fún oṣù mẹ́ta.